Àpò Ìrẹsì Kì í Tọ́ Ọmọ: Àwọn Aláàánú Ọjọ́ Kan àti Àwọn Ọmọ Yewa

Bí àjálù bá dé bá ìletò kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, kì í pẹ́ tí ọkọ̀ àwọn aláàánú fi ń tẹ̀lé e. Ọkọ̀ náà á kó ìrẹsì, Indomie, bísíkíìtì àti ìwé àkọsílẹ̀ wá. Wọ́n á ta aṣọ gbàgàdà kan tí orúkọ àjọ wọn wà lára rẹ̀, wọ́n á to àwọn ọmọdé síwájú rẹ̀, ẹni tó di ẹ̀rọ ayàwòrán mú á sì ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti gba Ìlaròó kọjá, ó ti forí lé Papalanto, ó ń padà sí Èkó. Àwòrán á ti wà lórí Facebook kí àwọn àlejò tó délé. Ọmọ tó rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà kò tíì mọ ibi tí yóò máa sùn ní oṣù tó ń bọ̀.

Ìrànwọ́ ni wọ́n ń pe irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìpolówó ni orúkọ tó tọ́ sí i. Ó lè dun àwọn olóòótọ́ tó wà láàrin wọn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí iyèméjì pé àánú ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dìde nílé. Ṣùgbọ́n àánú tó ti tán kí ilẹ̀ tó ṣú kò lè tọ́ ọmọ àgbẹ̀ tí iná ti jó oko àti ilé baba rẹ̀. Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe pé àwọn àjọ wọ̀nyí kò mú nǹkan wá. Ẹjọ́ náà ni pé wọ́n ń lọ nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé nígbà tí díẹ̀ nínú wọn bá dúró, ohun tí wọ́n ń dúró ṣe kì í sábà jẹ́ ohun tí ọmọ nílò.

Agbègbè Yewa ni kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí àjálù tó bá wọn níbẹ̀ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ yìí pa. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé-epo tó bá wà láàrin 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lọ ẹ̀gẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀kadà kó irè oko jáde ní ìhà Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá yóò mọ ohun tí àṣẹ yẹn túmọ̀ sí nínú ilé àgbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa. Kí ọdún náà tó parí, tí ó sì fi wọ oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà àwọn àgbẹ̀ àti àwọn darandaran ti di ìpànìyàn ní Àríwá Yewa. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n ba oko jẹ́ ní Ẹ̀gùá, ní Ìgbóoro àti ní àwọn abà tó yí wọn ká. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù sórí, wọ́n kọjá sí Orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ìdílé Fúlàní tí wọ́n ti ń gbé láàrin wọn láti ọjọ́ pípẹ́ náà sá, ilé àwọn mìíràn nínú wọn sì jóná, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ da màlúù sínú oko ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ìjọba ṣí ẹnubodè padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, mẹ́rin péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ìdí-Ìrókò kò sí lára wọn. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí ó tó kan Ìdí-Ìrókò. Ẹ ò rí i pé ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè ti yẹ kó wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí wọ́n ṣí i. Láàrin ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ tẹ àpò òbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú ìfàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni àpò ìrẹsì fẹ́ tán.

Ìdí kan wà tí àwọn aláàánú kì í fi í rí àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ lẹ́yìn oṣù kìíní. Ohun tí ojú wọn mọ̀ ni àgọ́: ibi tí wọ́n ti pa àgọ́ jọ, tí wọ́n ti to ènìyàn lẹ́sẹẹsẹ, bí èyí tí tẹlifíṣàn ń fi hàn láti Maiduguri. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ìjà lé kúrò nílé kì í sábà lọ sí àgọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Àwọn tó sá kúrò ní Àríwá Yewa rí ẹbí ní Ayétòrò, ní Ìlaròó, ní Ọjà-Ọ̀dàn, wọ́n sì rí ẹbí ní òdì kejì ẹnubodè, nítorí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní ọdún 1889 gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá ni, kò sì gba àárín ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, opó kan tó ń dín àkàrà tà, tó ti ní ọmọ mẹ́rin tirẹ̀, lè di ìyá ọmọ méje ní òru ọjọ́ kan. Obìnrin yẹn gan-an ni àjọ aláàánú tó tóbi jù lọ tí àjálù náà bí. Kò ní pátákó, kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan, kò sì sí ẹni tó wá ya àwòrán rẹ̀. Bí àwọn àjọ tó ní owó bá ń wá ibi tí wọn yóò kó o sí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ tó bá sá kọjá sí Benin tún ní ìṣòro tirẹ̀. Èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ lábúlé yé e, ṣùgbọ́n Faransé ni olùkọ́ ń kọ sójú pátákó. Ọdún tí ó lò níbẹ̀ kò wúlò fún un nígbà tó bá padà sílé, èyí tó sì ti lò nílé kò wúlò fún un níbẹ̀. Nígbà tí ó bá padà, ó ti ga ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì lọ, ojú á máa tì í. Bí baba rẹ̀ kò bá rí owó yunifọ́ọ̀mù àti owó PTA san, ọ̀rọ̀ ti tán. Òfin UBE ti ọdún 2004 ní ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án jẹ́ dandan, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kó ọmọ lọ sílé-ìwé ìjọba rí mọ iye owó tí ọ̀fẹ́ ń náni.

Ó yẹ kí a fi Ìbàdàn wé e. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omíyalé ṣe Ìbàdàn bí ọṣẹ́ ti ń ṣe ojú, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ láti tún ojú odò, afárá àti gọ́tà ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n fi omi sílẹ̀ kó tún máa gbé ilé lọ. Ohun tó yẹ kó yani lẹ́nu ni pé gbogbo ayé gbà pé gọ́tà kò ṣeé tún ṣe lọ́jọ́ kan, pé ó nílò ẹlẹ́rọ, ìwé ìṣirò, àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Ọmọ ènìyàn nìkan ni wọ́n rò pé ó ṣeé tún ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú jù ni ti àwọn tó dúró. Nígbà tí àwọn kan bá sọ pé àwọn fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó máa pẹ́, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n kọ́ ilé ọmọ òrukàn. Ilé ṣeé fi hàn. Ó ṣeé gé rìbọ́ọ̀nù sí, orúkọ olówó tó kọ́ ọ ṣeé gbẹ́ sára ògiri rẹ̀. Nígbà tí ilé bá sì ti wà, ó di dandan kí wọ́n wá ọmọ tí yóò kún un. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di òrukàn.

Àsọdùn kọ́ nìyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, àjọ Faransé kan tó ń jẹ́ L'Arche de Zoé fẹ́ fi ọkọ̀ òfuurufú kó ọmọ 103 jáde kúrò ní Chad. Wọ́n ní òrukàn ogun Darfur ni wọ́n. Nígbà tí UNICEF, UNHCR àti Red Cross fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ náà lẹ́nu wò, 91 nínú wọn ló sọ pé àwọn ń gbé pẹ̀lú ìdílé tí ó kéré tán àgbàlagbà kan tí wọ́n kà sí òbí wà nínú rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ N'Djamena dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára fún mẹ́fà nínú àwọn aláàánú náà. Kò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ Haiti ní oṣù Kìíní ọdún 2010, wọ́n tún mú àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ 33 kọjá ẹnubodè láìní ìwé àṣẹ. Òbí wà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn náà.

Àpẹẹrẹ rere kan wà nítòsí ju ìyẹn lọ. Nígbà ogun Biafra, àwọn àjọ aláàánú kó ọmọ bí 5,000 lọ sí Gabon àti Côte d'Ivoire nítorí ebi. Wọ́n ní ìdí, ikú ló wà níwájú àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n fi wọ́n síbẹ̀ nítorí pé oúnjẹ Gabon dára ju ti ilé lọ. UNHCR àti àwọn ìjọba tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà, nígbà tó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, wọ́n ti dé ilẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè sọ orúkọ abúlé wọn. Síbẹ̀, wọ́n wá ẹbí wọn. Bí wọ́n bá lè ṣe é ní ọdún 1970, nígbà tí kò sí fóònù alágbèéká, kí ni àwáwí ẹni tó ní òun kò mọ ibi tí ẹbí ọmọ Ẹ̀gùá wà?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí. Ó wà nínú rẹ̀ kedere pé òṣì nìkan kò tó ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Ìdílé ni kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Àwọn àgbà Yorùbá kò dúró de New York kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yewa àti Kétu ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí wọ́n fi ń bọlá fún ìyá, tí UNESCO fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá aráyé. Kò bójú mu kí ilẹ̀ tó ń jó fún ìyá máa wo aláàánú níran kí ó fo ìyá dá, kí ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ sínú ilé tí a fi owó ìyá náà kọ́. Owó oṣù olùtọ́jú kan, iná mànàmáná, epo jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀dà ilé: kí wọ́n pín gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyá, kí wọ́n wo iye ọmọ tí yóò padà sórí ẹní ilé wọn.

Ewu tó wà nínú kí aláàánú lọ kí ọjọ́ tó lọ kò mọ sórí ebi. Ẹnubodè ni Yewa. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ìrẹsì bá lọ, ọkọ̀ mìíràn máa ń wá, èyí tí kò ní orúkọ lára. Àǹtí kan á sọ̀ kalẹ̀, á ní òun mọ ilé olówó kan ní Èkó tó ń wá ọmọ tí yóò bá wọn tọ́jú ọmọ kékeré, wọn á sì rán an nílé-ìwé. Ìyá tí ohun tó fún ọmọ rẹ̀ jẹ ní àná ti tán kò ní béèrè ìbéèrè púpọ̀. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ lójú ilẹ̀, àtẹ̀wá àtẹ̀lọ ni. Ní ọdún 2003, àwọn ọmọ Benin tó lé ní 100 ni wọ́n kó padà sílé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti agbègbè Za-Kpota. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá NAPTIP sílẹ̀. Ìjàkadì pẹ̀lú àwọn tó ń kó ọmọ ṣòwò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojú títì níbi tí ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró. Inú ilé tí oúnjẹ ti tán ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹrin lẹ́yìn àjálù, nígbà tí àwọn aláàánú ti lọ síbi àjálù mìíràn.

Àwọn aláàánú ní èsì tiwọn, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Wọ́n ní àwọn tó ń dá owó fún àwọn kì í dá a bí wọn kò bá rí àwòrán. Wọ́n ní owó kò tó. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kò sí ẹni tó ń bá wọn jiyàn lórí oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kìíní. Èyí kejì jẹ́ ẹ̀sùn tó kan àwọn tó ń dáwó, àwọn ọmọ Yewa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Houston wà lára wọn: ẹni tó bá rán owó, tó ní kí wọ́n fi ojú ọmọ tó ń sunkún ránṣẹ́ sí òun, ti ra ojú ọmọ náà ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ ní ọdún 2006, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ya lónìí pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́ yóò wá iṣẹ́ ní ọdún 15 sí i, àwòrán náà yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ní ti èyí kẹta, pé owó kò tó, Haiti ti dáhùn rẹ̀. Red Cross ti Amẹ́ríkà rí owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 mílíọ̀nù dọ́là kó jọ. Ní ọdún 2015, ProPublica àti NPR gbé ìwádìí jáde pé ilé mẹ́fà péré tó lálọpẹ́ ni àjọ náà kọ́. Àjọ náà bá wọn jà lórí rẹ̀, wọ́n ní àwọn ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ lórí ilé ní ọ̀nà mìíràn. Kí ti àjọ náà tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìbéèrè àwọn akọ̀ròyìn náà ni ó yẹ kí a máa bi gbogbo aláàánú, ńlá àti kékeré: níbo ni owó náà wà?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé òfin CAMA tuntun jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, apá kan nínú rẹ̀ fún àjọ CAC lágbára láti dá àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ aláàánú dúró bí ìwà jìbìtì bá wọ ọ̀rọ̀ owó wọn. Ariwo tí àwọn olórí ìjọ kan pa kárí ilẹ̀ yìí. Ó ṣeé ṣe kí òfin náà ní àléébù. Ìjọba tí kò ṣírò tirẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ìṣirò ẹlòmíràn lé lọ́wọ́. Àmọ́ oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ariwo yẹn ni àwọn ọmọ Yewa ń sá kọjá sí Benin. Ariwo tí àwọn kan náà pa nítorí wọn kò dé Ṣàgámù.

Ìjọba náà kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn aláàánú. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Kampala lórí àwọn tí àjálù lé kúrò nílé ní ọdún 2012, ó sì gbé ìlànà ti orílẹ̀-èdè jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2021, ọdún tí Ẹ̀gùá jóná gan-an. Ìwé dára. Iṣẹ́ ìjọba ni ààbò, ilé-ìwé àti títọ́jú ilé ìwòsàn, kò sì sí àjọ aláàánú tó lè gbà á ṣe fún un. Ṣùgbọ́n àìṣe ìjọba kò sọ àìṣe aláàánú di iṣẹ́ rere. Ẹni tó gba owó lórúkọ ọmọ kan ti jẹ ọmọ náà ní gbèsè, ìjọba ṣe tirẹ̀ o, kò ṣe é o.

Kí ni wọ́n ì bá ṣe? Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí àjọ tó bá ní agbára ọmọ 20 mú 20, kó má mú 200, kó sì tẹ̀ lé àwọn 20 náà fún ọdún márùn-ún. Kí ó ra ọ̀pá ẹ̀gẹ́ àti irúgbìn àgbàdo fún baba tó fẹ́ padà sóko, kí ó san owó ìroko kan fún un. Kí ó fi owó òwò lé ìyá tó gba ọmọ ẹbí sílé lọ́wọ́, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ èsúsú tí obìnrin náà ti wà tẹ́lẹ̀, nítorí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san án ju akọ̀wé ọ́fíìsì kankan lọ. Kí ó wá olùkọ́ ìrọ̀lẹ́ fún ọmọ tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti dàrú mọ́ lójú. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìlaròó láti ọdún 1979; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi ìwé àkọsílẹ̀ yí ilé ká, kí wọ́n ka àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹbí ní Ìlaròó, Ayétòrò àti Ọjà-Ọ̀dàn, kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kí àkọsílẹ̀ náà kan àwọn ọmọ Fúlàní pẹ̀lú. Kí wọ́n sì lẹ ìṣirò owó náà mọ́ ara ògiri gbọ̀ngán ìlú, ní èdè Yorùbá, náírà sí náírà, níbi tí ìyá alákàrà yóò ti rí i, kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó kà á sí òun létí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé yunifọ́ọ̀mù 40 ni àwọn rà, obìnrin náà mọ iye tó dé ilé rẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ni ilé-ìwé máa ń wọlé. Àwọn àjọ tó wá sí Ẹ̀gùá ní ọdún 2021 ṣì ní àwòrán àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Kí wọ́n mú àwòrán náà dání padà wá, kí wọ́n máa ti ilé dé ilé, kí wọ́n béèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kíláàsì wo ló wà báyìí.